Mo Ti Gbọ́, Sà

Ọ̀rọ̀ tí kò dé etí kì í pẹ́ hàn. Ẹni tí a pè tí kò dáhùn, a ó tún un pè. Lẹ́tà tí kò dé, a ó bèèrè ibi tó há sí. Èyí tó ń fa wàhálà ni ọ̀rọ̀ tó dé etí dáadáa, tí ẹni tó gbọ́ ọ mi orí, tó ní "ó dáa", tó ní "mo ti gbọ́", tí kálukú sì bá tirẹ̀ lọ láìmọ̀ pé ohun tí òun gbé lọ yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì. Bí a bá ní ká dárúkọ àwọn ohun tó ń dí àgbọ́yé lọ́wọ́ láàárín ènìyàn, ariwo, àjèjì èdè, ìbínú, ìkánjú àti ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ kà, wọn kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìdáhùn tí kò ní nǹkan nínú ló léwu jù, torí òun ló ń fi aṣọ bo gbogbo ìyókù. Ariwo tí a mọ̀ pé ó wà, a lè dúró dè é kó rọlẹ̀. Èyí tí "ó dáa" bá ti bò mọ́lẹ̀, ta ni yóò dúró dè é?

Nínú ilé, bí èdèàìyedè bá dé, ohun tí kálukú rántí ni yóò máa sọ, ẹlẹ́rìí kì í sì í sí. Ti àwọn awakọ̀ òfuurufú yàtọ̀. Ẹ̀rọ kan wà nínú bàálù tó ń gba ohùn wọn sílẹ̀, òmíràn sì wà nílẹ̀ tó ń gba ohun tí wọ́n ń bá àwọn adarí sọ lórí rédíò. Bí nǹkan bá bàjẹ́, a lè jókòó tì í, ká gbọ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bó ṣe jáde lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ti ọ̀dọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀, kí n tó padà wálé.

Ọjọ́ Sunday ni, ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, ní Tenerife, erékùṣù kan tó jẹ́ ti Spéènì ṣùgbọ́n tó sún mọ́ etíkun Áfíríkà jù. Bọ́ǹbù kan ti bú ní pápákọ̀ òfuurufú Gran Canaria nítòsí ibẹ̀, wọ́n sì darí àwọn bàálù tó ń lọ síbẹ̀ sí Los Rodeos, pápákọ̀ Tenerife, tí kò ní ju ojú ọ̀nà ìgbéra kan ṣoṣo lọ. Nínú àwọn tó yà síbẹ̀ ni Boeing 747 méjì: ọ̀kan jẹ́ ti KLM, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Netherlands, tó wá láti Amsterdam, èkejì jẹ́ ti Pan Am ará Amẹ́ríkà, tó gbéra ní Los Angeles, tó gba New York kọjá. Nígbà tí wọ́n ní kí kálukú máa lọ, bàálù tó dúró káàkiri ti dí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kí wọ́n gbà. Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí àwọn méjèèjì máa rìn lórí ojú ọ̀nà ìgbéra fúnra rẹ̀. KLM ṣíwájú, ó rìn dé ìpẹ̀kun, ó yí padà. Pan Am ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀; wọ́n ní kó yà kúrò ní ìyànà kẹta, ṣùgbọ́n ó kọjá ìyànà náà. Kùrukùru bolẹ̀ bámú. Àwọn adarí tó wà nínú ilé gogoro kò rí bàálù kankan, àwọn bàálù kò rí ara wọn, pápákọ̀ náà kò sì ní ẹ̀rọ radar tí yóò fi ibi tí wọ́n wà nílẹ̀ hàn. Rédíò nìkan ló kù.

Jacob Veldhuyzen van Zanten ni ọ̀gá awakọ̀ KLM. Kì í ṣe ẹni tí a ń fọwọ́ tì sẹ́yìn. Òun ni olórí àwọn tó ń kọ́ awakọ̀ 747 nílé-iṣẹ́ náà, àwòrán rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń polówó KLM nínú ìwé ìròyìn. Klaas Meurs, igbákejì tó jókòó tì í lọ́jọ́ náà, van Zanten fúnra rẹ̀ ló dán an wò kó tó gba àṣẹ láti wa 747. Ìkánjú tún wà níbẹ̀: òfin tó mú gírígírí wà lórí iye wákàtí tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́, bí àkókò bá sì kọjá, níbẹ̀ ni gbogbo èrò yóò sùn.

Bí bàálù ṣe yí padà tán, van Zanten ti ń ta ẹ́ńjìnnì. Meurs ní kó dúró, wọn kò tíì gba àṣẹ. Ọ̀gá ní òun mọ̀, kó bèèrè. Meurs bèèrè, adarí sì ka ọ̀nà tí wọn yóò gbà lójú òfuurufú fún wọn. Àṣẹ ọ̀nà ni ohun tó kà, kì í ṣe àṣẹ ìgbéra; àmọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéra wà nínú gbólóhùn náà, torí ó sọ ibi tí wọn yóò yà sí lẹ́yìn tí wọ́n bá gbéra. Bí Meurs ṣe ń tún un kà padà lọ́wọ́, ọ̀gá rẹ̀ ti tú bíréèkì, bàálù ti ń rìn. Meurs sáré fi gbólóhùn kan kún un, lédè Gẹ̀ẹ́sì tí kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀, tí kì í sì í ṣe ti adarí ará Spéènì tó ń gbọ́ ọ. Ó ní àwọn ti wà lẹ́nu ìgbéra. Adarí rò pé ibi tí wọ́n dúró sí ló ń sọ: a ti dé ibi tí a ó ti gbéra, ẹ̀yin là ń dúró dè. Ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́ ni Meurs ń sọ. Gbólóhùn kan náà lè gbé méjèèjì.

Adarí dáhùn pé: "OK."

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá fi kún un pé kí wọ́n ṣì dúró, òun yóò pè wọ́n. Ìdajì kejì yìí ì bá gbà wọ́n là. Ṣùgbọ́n àwọn Pan Am, tí ara wọn kò gba ohun tí wọ́n ń gbọ́, fọhùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà pé àwọn ṣì wà lójú ọ̀nà. Ẹni méjì kò lè sọ̀rọ̀ pọ̀ lórí ìkànnì rédíò kan ṣoṣo; bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohùn wọn yóò pa ara wọn, súfèé burúkú ni ẹni kẹta yóò gbọ́. Ohun tó wọ inú bàálù KLM kedere kò ju "OK" lọ. Ìyókù di súfèé, ó sì jọ pé kò sí ẹni tó bèèrè ohun tí súfèé náà gbé mì.

Ó ku ẹnì kan. Willem Schreuder, ẹnjiníà bàálù náà, gbọ́ nígbà tí adarí ní kí Pan Am jẹ́ kí òun mọ̀ bó bá ti kúrò lọ́nà, tí Pan Am sì ní òun yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ méjèèjì bóyá Pan American yẹn kò tíì kúrò ni. Ọ̀gá ní ó ti kúrò, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó dá a lójú. Schreuder kò bèèrè mọ́. Kò tó ìdajì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà tí wọ́n rí Pan Am níwájú wọn nínú kùrukùru. Ènìyàn 583 ló kú: gbogbo àwọn 248 tó wà nínú KLM, àti 335 nínú Pan Am. Àwọn 61 ló yè. Títí di òní, kò sí ìjàm̀bá bàálù tó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ohun tí wọ́n máa ń kà sí ìdènà àgbọ́yé ló pé síbẹ̀ lọ́jọ́ náà: kùrukùru, ẹ̀rọ, èdè àyálò, ìkánjú, ipò. Síbẹ̀, kò sí èyí tó dá ṣe é nínú wọn. Awakọ̀ ń bá kùrukùru pàdé lójoojúmọ́. "OK" adarí àti "ó ti kúrò" ọ̀gá ló ti ilẹ̀kùn. Àwọn méjèèjì jẹ́ ìdáhùn tó tẹ́ olùbéèrè lọ́rùn láìfún un ní nǹkan kan.

Meurs ni mo fẹ́ ká wò dáadáa, torí ọ̀pọ̀ wa ni Meurs. Ó ti dá ọ̀gá dúró lẹ́ẹ̀kan, ọ̀gá sì gbà. Kò sí ọmọ Yorùbá tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá olórúkọ tí kò mọ bó ṣe ń rí. Ẹ̀ẹ̀kan la lè sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó dà bí ẹni pé…" Bí a bá tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì láàárín ìṣẹ́jú kan náà, ó ti di àfojúdi, "ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?" sì ń bọ̀ lọ́nà. Ohun tó kù tí ọmọdé lè ṣe ni kó sọ ọ́ gba ẹ̀gbẹ́. Bóyá ohun tí Meurs ń ṣe nìyẹn nígbà tó sáré sọ fún adarí pé àwọn ti ń lọ: bí kò bá lè dá ọ̀gá dúró, kí ẹlòmíràn tó ní agbára bá a dá a dúró. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Gbogbo wa la mọ òwe náà, àmọ́ ẹ̀yìn ìgbà tí àgbà bá ti gba ìmọ̀ràn ọmọdé tán la sábà máa ń pa á. Ìgbà tí kò bá fẹ́ gbà á, "ẹnu àgbà lobì ti ń gbó" la ó gbọ́.

Àwọn oníṣẹ́ òfuurufú kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Wọ́n ya ọ̀rọ̀ ìgbéra sọ́tọ̀, pé a kò gbọ́dọ̀ dá a sọ lórí rédíò àfi nígbà tí a bá ń fúnni láṣẹ láti gbéra tàbí tí a bá ń gbà á padà. Níbi gbogbo yòókù, ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọn yóò lò. "OK" nìkan kò tó mọ́ fún ohun pàtàkì: ẹni tó gba àṣẹ gbọ́dọ̀ ka àṣẹ náà padà, adarí sì gbọ́dọ̀ tẹ́tí kó mọ̀ bóyá ohun tí òun sọ ló padà bọ̀. Ní 1979, NASA pe àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù jọ lórí bí àwọn tó wà nínú yàrá awakọ̀ ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, nígbà tó sì di 1981, United Airlines ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn awakọ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ́ igbákejì bí yóò ṣe máa sọ̀rọ̀ sókè, wọ́n sì kọ́ ọ̀gá, èyí tó le jù, bí yóò ṣe máa bèèrè.

Òfin wà, ó tún ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1990, Boeing 707 kan tó jẹ́ ti Avianca, ilé-iṣẹ́ bàálù Kòlóńbíà, ń lọ sí pápákọ̀ Kennedy ní New York. Ojú ọjọ́ burú, bàálù pọ̀ lójú ọ̀run, wọ́n sì ní kó máa yí po. Àpapọ̀ ìgbà tó fi yí po ju wákàtí kan lọ, epo ń jó tán. Ọ̀gá awakọ̀, Laureano Caviedes, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, Mauricio Klotz igbákejì rẹ̀ ló sì ń bá àwọn adarí sọ̀rọ̀. Caviedes ní kó sọ fún wọn pé àwọn wà nínú ewu pàjáwìrì. Klotz ní òun ti sọ fún wọn. Ohun tí Klotz sọ lórí rédíò ni pé epo àwọn ń tán lọ. Fún un, ta ni kò mọ̀ pé bàálù tí epo rẹ̀ ń tán lójú ọ̀run, ikú ló ń pè é? Fún adarí, kò sí bàálù tó ń bọ̀ ní New York lálẹ́ ọjọ́ náà tí epo rẹ̀ kò dínkù. Ọ̀rọ̀ kan pàtó wà tó ń jẹ́ kí adarí lé gbogbo bàálù yòókù kúrò lọ́nà, ọ̀rọ̀ náà kò sì jáde lẹ́nu Klotz. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú láti balẹ̀ tí kò ṣeé ṣe, tó tún sọ fún adarí pé epo ń tán, ìdáhùn tó gbà ni "OK". Ẹ́ńjìnnì kú, bàálù já sí Cove Neck ní Long Island, 73 nínú ènìyàn 158 sì kú. Iná kò sọ, nítorí kò sí epo tí yóò jó.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Mo fẹ́ràn òwe yìí, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Kí ló ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ di odidi? Ohun tó ti wà nínú ẹni náà tẹ́lẹ̀ ni. Níbi tí àwọn méjì ti dàgbà nínú agbo ilé kan náà, àbọ̀ tó. Ìdá mẹ́rin ọ̀rọ̀ pàápàá lè tó, ojú ìyá nìkan sì ti tó fún ọmọ níwájú àlejò. Àrokò àwọn baba wa lórí èyí ló dúró: bí ọ̀dọ́kùnrin bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin kan, ọmọbìnrin náà mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ fà sí òun ni. Ará ìlú mìíràn tí kò mọ àrokò yóò ná an ni. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ Klotz di odidi nínú adarí, àmọ́ odidi ọ̀rọ̀ mìíràn ló dà.

Àwa tí a kò wa bàálù ńkọ́? Ọsibítù ni ibi tí mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ yìí sún mọ́ wa jù. Dókítà wọlé, ó bèèrè lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà tó dùbúlẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o, báwo lara yín?" Bàbá ní, "A dúpẹ́." Kí ni ì bá tún sọ? Ẹni tó kí ni, ó sì kí i padà. Ọmọlúàbí kì í fi ìrora dáhùn kíkí. Ṣùgbọ́n dókítà ti kọ ọ́ sínú fáìlì pé ara ń yá. Bí ó bá fa àga jókòó, tó ní, "Bàbá, òru àná, ibo ló ń dùn yín?", ọ̀rọ̀ mìíràn ni yóò jáde. Nọ́ọ̀sì tó dàgbà mọ èyí. Àwọn dókítà kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé, tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ gbogbo rẹ̀, ni ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Àìsàn ọkàn tún le ju ti ara lọ. Ẹni tí ìrònú fẹ́ pa kì í sábà sọ pé ìrònú ni. Orí mi ń gbóná, yóò wí. Nǹkan ń rìn lára mi. Àyà mi ń já. Dókítà tó bá gbọ́ "gbóná" yóò ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà. Nígbà tí Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, l'Abẹ́òkúta, ní 1954, ó fi àwọn aláìsàn sí abúlé tó wà láyìíká ọsibítù, kí ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, ó sì bá àwọn adáhunṣe ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọ̀pọ̀ ń yìn ín nítorí owó tó dín kù. Ní tèmi, ohun tó jẹ́ kó níyì ni pé aláìsàn wà láàárín àwọn tó gbọ́ ohun tó ń sọ.

Fún àwọn tó wà lókè òkun, wàhálà náà tún gba ọ̀nà mìíràn. Ìyá tó lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó ní Lọ́ńdọ̀nù ṣàìsàn, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́tàlá ló sì ń túmọ̀. Ìyá kò ní sọ fún ọmọ náà pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú ara òun. Inú ló ń run mí, yóò wí, ọmọ yóò sì túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìfi èké kan kún un. Èdè kò dí wọn lọ́wọ́ níbí yìí, ìtìjú ni. Ìdí kan nìyẹn tí ètò ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n pe ògbufọ̀ tó kọ́ iṣẹ́ náà, kí wọ́n má fi ọmọ ṣe é. Ògbufọ̀ àjèjì kò mọ ìyá rí, kò sì ní bá a jẹun alẹ́.

Nígbà mìíràn, kálukú gbọ́ ọ̀rọ̀ bó ṣe rí, ohun tó wà nílé ló yàtọ̀. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, pàápàá nígbà tí Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, wọ́n kọ́ àwọn ìyá káàkiri Nàìjíríà bí wọ́n ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ṣíbí iyọ̀ kan, ṣíbí ṣúgà mẹ́wàá, ìgò bíà kan tàbí ìgò mínírà méjì omi. Ẹ̀kọ́ náà dára, ó rọrùn láti há sórí, ó sì gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ṣíbí wo? Èyí tí nọ́ọ̀sì ń wí ni ṣíbí tíì kékeré tí a gé orí iyọ̀ rẹ̀ pẹrẹsẹ. Nílé, ṣíbí tí a fi ń jẹ ìrẹsì ló wà, a sì ń bù ú gegele. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu fún ọmọdé. Ìgò mínírà náà kò dúró sójú kan: 600ml ni omi tó yẹ kó jẹ́ lápapọ̀, ìgò ìgbà náà méjì sì tó o géérégé, ṣùgbọ́n ìgò 35cl dé, 50cl dé, oníke dé. Ìyá tó ń po ìgò méjì ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà kò ṣìgbọ́ rárá. Ìgò ló yí padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀.

Ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ebola ti wọ Èkó, ọ̀rọ̀ kan jáde lóru pé kí gbogbo ènìyàn fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì mu díẹ̀ níbẹ̀. Ìjọba ní irọ́ ni. Kí ìjọba tó wí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ti wẹ̀, ọ̀pọ̀ ti mu, àwọn kan sì bá a lọ. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ìkìlọ̀ ìjọba wá láti ẹnu ẹni tí a kò mọ̀, lórí tẹlifíṣọ̀n, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àǹtí wa, ní aago mẹ́rin òru, pẹ̀lú ẹkún lóhùn. Ta ni yóò ní kí àǹtí mú ẹ̀rí wá? Ohun tó ṣẹ́gun àrùn náà nígbẹ̀yìn ni ẹsẹ̀ ènìyàn: àwọn òṣìṣẹ́ tọ ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900, tí wọ́n ti fara kan aláìsàn, lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn, àbẹ̀wò náà lé ní 18,000, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé Nàìjíríà ti bọ́. Ènìyàn 20 ló ṣàìsàn, 8 kú. Kí èyíkéyìí tó ṣeé ṣe, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ti kọ ìdáhùn kan. Aláìsàn àkọ́kọ́, tó wá láti Làìbéríà, sọ pé òun kò bá ẹlẹ́bólà kankan pàdé, ibà ni wọ́n sì ti ń tọ́jú. Adadevoh gbọ́ ọ, kò fi ṣe òpin ọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún Ebola. Òun náà bá àrùn náà lọ.

Kíka ọ̀rọ̀ padà tí àwọn awakọ̀ sọ di òfin kò ṣàjèjì sí wa. Ìyá tó bá rán ọmọ níṣẹ́ sí ìyá kejì yóò dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Kí ni mo ní kó o sọ?" Ọmọ yóò kà á, ìyá yóò tún ibi tó wọ́ ṣe, ọmọ yóò tún un kà kó tó lọ. Ṣùgbọ́n ọmọdé nìkan la ń ṣe é fún. Bí nọ́ọ̀sì ọlọ́dún 25 bá bi bàbá ẹni 70 ọdún pé, "Bàbá, kí ni mo sọ?", ó ti bú u. Ìyẹn ni ìdí tí "mo ti gbọ́" fi rọ̀ wá lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀: ó ń dáàbò bo iyì ẹni tó ń gbọ́, ó sì ń jẹ́ kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì tó bá mọ̀wà ní ọ̀nà tó ń gbà á. Yóò gbé ẹ̀bi náà sórí ara rẹ̀: "Bàbá, ó ṣeé ṣe kí n má ti ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá délé tí màmá bá bi yín bí ẹ ó ṣe lò ó, kí lẹ máa sọ fún wọn?" Bàbá yóò sọ̀rọ̀ bí àgbà tó ń kọ́ ará ilé rẹ̀, ibi tó sì ti ṣìgbọ́ yóò hàn síta. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ pé oògùn tí wọ́n ní kó lò lẹ́yìn oúnjẹ, yóò fi í sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tó bá ń gbààwẹ̀.

Ẹnìkan yóò ní èrò ti pọ̀ jù ní ọsibítù fún irú èyí. Òótọ́ ni pé èrò pọ̀. Awakọ̀ kì í sì í ka gbogbo ọ̀rọ̀ padà: àṣẹ láti gbéra tàbí láti balẹ̀, ibi tí wọ́n ní kó dúró, àti àwọn nọ́ńbà tó lè pa á bó bá ṣì wọ́n, ìwọ̀nba ni. Ti ọsibítù kò ní ju iye oògùn, ìgbà tí a ó lò ó, àti àmì tó bá yọ tí aláìsàn fi gbọ́dọ̀ sáré padà wá. Ti omi oníyọ̀ àti ṣúgà kò tilẹ̀ nílò ọ̀rọ̀. Kí ìyá mú ṣíbí àti ìgò tó ń lò nílé bọ̀ lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, kó pò ó níwájú nọ́ọ̀sì, bí ṣíbí náà bá sì tóbi jù, kí wọ́n fún un ní kékeré kó máa mú un lọ.